Àwo Tó Fúyẹ́

Ọmọbìnrin náà ti di ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó dì í. Ó dúró níwájú pẹpẹ ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan eré ìdárayá, òjò ń kán sílẹ̀ létí ẹ̀wù rẹ̀, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lára kọ́là rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di àwo rọ́bà kan mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti ya.

Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ dúró gbagidi. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n dijú kí wọ́n tó yan pọ́tà, débi pé Dijú ni wọ́n sọ òun fúnra rẹ̀. Wọn kì í gbọ́. Àwọ̀ ni wọ́n máa ń rà. Wọ́n á mú pupa, wọ́n á sanwó, kò ní pẹ́ tí wọ́n á padà wá ráhùn pé àwo ò gbọ́ràn. Ẹ wá wo ẹni tí kò tíì gbọ́ ìwàásù tó ti ronú pìwà dà!

Bí ẹ ò bá mọ eré náà, kò le rárá. Wọ́n á ri apẹ̀rẹ̀ irin mọ́lẹ̀ nínú pápá, wọ́n á so ẹ̀wọ̀n wálẹ̀ láti orí rẹ̀, ẹ ó sì máa ju àwo títí tí yóò fi wọ inú rẹ̀. Ẹni tí iye ìgbà tó jù ú bá kéré jù ló borí. Àwo tí wọ́n fi ń jù láti òkèèrè mú létí. Pọ́tà ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n fi ń parí ẹ̀, nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá ti wà nítòsí. Etí rẹ̀ nípọn, kì í sáré, ó sì máa ń gbọ́ ti ọwọ́ tó jù ú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Dijú wí. "Ta ló kọ́ yín?"

"Kọ́ mi ní kí ni?" Kò la ojú.

"Ẹ ò tiẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀."

"Télọ̀ ni mí. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ dáa, mi kì í wò ó, ṣe ni mo máa ń fọwọ́ pa á. Ojú máa ń parọ́."

"Ọwọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ rọ díẹ̀. "Ọwọ́ kì í parọ́. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Ó yẹ kí Dijú béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kò béèrè. Kòtò kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà ló ń wò, orí rẹ̀ ti dàrú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

"Èyí rọ̀, kì í ta padà tó bá kan ẹ̀wọ̀n, àmọ́ oòrùn máa ń jẹ́ kó wọ́. Èyí le, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tí òjò bá rọ̀. Èyí ní ìlà tín-ín-rín kan lábẹ́ etí rẹ̀. Ẹ fi ìka wá a. Ẹ ti rí i? Ibẹ̀ ni ìka máa dúró sí."

Ó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ó gbé èyí tó ní ìlà lábẹ́ sọ́tọ̀. "Èmi fẹ́ irú èyí, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó wúwo jù nínú wọn."

"Á wúwo fún ọwọ́ yín o."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mo fẹ́."

Ó la ojú nígbà náà. Àwo aláwọ̀ ewé ni. Ó yí i dé, ó wo ibi tí àwọn tó ṣe é ti fi íńkì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lábẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò ra nọ́ńbà náà bí ẹni ń ra orí ọmọ. Bó ṣe jáde sínú òjò, Dijú rántí pé òun ò béèrè ibi tó ń gbé. Ó gbá orí ara rẹ̀ létí kóńtà. Ọ̀lẹ ọkùnrin!

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí Dijú kò mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni àìsàn tó pa bàbá ọmọbìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, apá rọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ohùn lọ, lẹ́yìn náà èémí. Dókítà sọ fún ọmọ pé àìsàn náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Oògùn kan wà tó lè mú kó falẹ̀, àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ àìsàn náà nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. "Lọ́jọ́ tí o bá rí i pé ọwọ́ rẹ ń dẹ̀, má dúró gba ọ̀sẹ̀ kejì. Sáré wá."

Báwo ni télọ̀ ṣe máa mọ̀ pé ọwọ́ òun ń dẹ̀? Iná ló ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọwọ́ sì ti máa ń ro ó tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ àìsàn tó délẹ̀. Ló bá wá ohun tí yóò máa fi wọn ara rẹ̀ wò, bó ṣe ń wọn èèyàn. Òkúta kan wà nínú pápá ẹ̀yìn ilé wọn tí wọ́n kùn ní ẹfun, apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan wà níwájú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ máa ń ṣeré níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó pinnu pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lòun á máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, òun á ju àwo tó wúwo. Lọ́jọ́ tí kò bá dé ibẹ̀ mọ́, òun á gba ilé ìwòsàn lọ. Kò sọ fún ẹnì kankan yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀.

Ibi tí Dijú ti bá a nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ kan tó ń tiṣẹ́ bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà pápá ni Dijú ń gbà lọ sílé.

"Ṣé kò sí ọ̀nà míì tó lọ sílé yín ni?" ọmọbìnrin náà bi í níkẹyìn.

"Ó wà. Kò sí télọ̀ níbẹ̀ ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ fẹ́ rán aṣọ?"

"Àpò ṣòkòtò mi ti já."

Ó wo àpò náà dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ já a. Ojú òwú ṣì mọ́."

Dijú sọ pé Ọlọ́run ló já a. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó bá a rán àpò náà níbẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ inú kọ́là rẹ̀, Dijú sì dúró ṣanṣan nítorí ó ń bẹ̀rù kí abẹ́rẹ́ má gún un níbi tí kò ṣeé sọ. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Dijú ń pè é ní Télọ̀ mi, òun náà ń pe Dijú ní Alápò-jíjá. Tí àwo bá wọlé, tí ẹ̀wọ̀n bá dún ṣaranran, àwọn méjèèjì á jọ hó yèè.

Nígbà tí Dijú wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ọmọbìnrin náà ń yí àwo náà lọ́wọ́. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ débi pé àyà ń dùn ún. Àmọ́ ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbé bàbá rẹ̀ láti ibùsùn dé àga.

"Níwọ̀n ìgbà tí àwo yìí bá ṣì ń dé inú apẹ̀rẹ̀," ó ní, "máa retí mi. Lọ́jọ́ tí kò bá dé ibẹ̀ mọ́, má béèrè mi mọ́."

Dijú rò pé ẹ̀jẹ́ eléré ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kún fún irú ẹ̀: ẹlòmíì ò ní wọ bàtà tuntun, ẹlòmíì á kọ́kọ́ fẹnu ko àwo. Ó gbà.

Àkókò tí àwọn òbí ń rán aṣọ ilé ìwé wọlé dé. Télọ̀ kò rójú, kò ráyè. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ju àwo, àwo náà fò díẹ̀, ó rọ, ó ṣubú sórí koríko kó tó dé ibi apẹ̀rẹ̀. Ó tún un jù. Bákan náà. Ó jókòó sórí òkúta ẹfun náà, ó bú sẹ́kún.

"Ó rẹ̀ ọ́ ni," Dijú wí. "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù."

"Bóyá." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Màá tún un jù lọ́la. Tí kò bá dé ibẹ̀, ó ti parí nìyẹn."

Ẹ̀rù ba Dijú. Ó rò pé ìfẹ́ àwọn ló fẹ́ parí. Lọ́jọ́ kejì, nínú ṣọ́ọ̀bù, ó wá pọ́tà irú kan náà, aláwọ̀ ewé, èyí tó fúyẹ́ jù tí wọ́n ní. Ó fi oògùn tí wọ́n fi ń nu gíláàsì nu ìwọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò. Ó mú bírò, ó fara balẹ̀ kọ ìwọ̀n ti àtijọ́ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó fi iyanrìn díẹ̀ ha á lára kó má baà dà bí tuntun. Nígbà tí wọ́n dé pápá, tí Télọ̀ lọ kí aládùúgbò kan, Dijú pààrọ̀ àwo tó wà nínú báàgì Télọ̀.

Télọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ojú ló fi wo nọ́ńbà abẹ́ àwo náà, ọwọ́ tó ti rẹ̀ kò sì mọ ìyàtọ̀. Ó jù ú.

Ṣaranran!

Ó ké, ó sáré, ó so mọ́ Dijú lọ́rùn. "Ọwọ́ mi le! Ọwọ́ mi ṣì le! Mo gbà, ṣé o gbọ́, mo gbà, màá fẹ́ ọ!"

Inú Dijú dùn, irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní kò dùn. Àmọ́ ayọ̀ náà ń gún un lára, bí ẹ̀wù tí wọ́n gbàgbé abẹ́rẹ́ sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀, ọwọ́ Télọ̀ á padà sípò, òun á sì dá àwo náà padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó tọ́jú àwo tó wúwo sí abẹ́ kóńtà.

Oṣù ń lọ. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó ní kóòtù. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù tí yóò wọ̀. Sísọ́ọ̀sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà míì, bọ́tìnnì ń ṣòroó dè. Ìyá rẹ̀ rí i.

"Lọ rí dókítà," ìyá wí.

"Màámi, àwo mi ṣì ń wọlé. Àná gan-an ló wọlé. Ẹ má fi ẹ̀rù kó ayọ̀ mi lọ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Dijú kò tiẹ̀ lọ jìnnà. Ẹrẹ̀ kan àwo náà lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, Télọ̀ sì ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú báfù. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó rí i pé íńkì ti ta sí i. Nọ́ńbà abẹ́ àwo ti ń ṣàn. Ti ọjọ́sí kò ṣàn rí, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù láìwọ bàtà tó bára mu. Òṣùwọ̀n kékeré kan wà lórí kóńtà tí wọ́n fi ń wọn àwo fún àwọn eléré tó fẹ́ mọ̀.

"Gbé e sórí ẹ̀," ó wí.

"Olólùfẹ́ mi, jókòó ná."

"Gbé e sórí ẹ̀, Dijú."

Ó gbé e sórí ẹ̀. Òṣùwọ̀n kò mojú ẹnì kankan. Télọ̀ wo nọ́ńbà náà, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Tèmi dà?"

Dijú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un jáde lábẹ́ kóńtà. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Àwo náà yọ̀ láàárín ìka rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó yí lórí sìmẹ́ǹtì lọ sídìí pẹpẹ, àwọn méjèèjì ń wò ó títí ó fi dákẹ́.

"Ọwọ́ ni àìsàn tó pa bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Àwo yìí ló yẹ kó sọ fún mi pé kí n sáré lọ gba oògùn. Oṣù mélòó lo fi ń pariwo yèè fún mi?"

Dijú yí padà láti lọ bá a. Kó tó kúrò lẹ́yìn kóńtà, Télọ̀ ti lọ.

Nígbà tí Dijú délé wọn, ìyá ló ṣílẹ̀kùn. Télọ̀ wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti dá a dúró síbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Dijú dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde. Wọlé. Jókòó sórí àga yẹn," ìyá wí. Ó dúró kó jókòó tán. "Orí ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí."

Dijú di etí àga náà mú gírígírí, àmọ́ kò dìde.

"Ó yẹ kí n lé ọ bí ajá," ìyá wí. "Ọmọ mi náà fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ, mo sọ fún un. Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́n. Àmọ́ èmi ò ní lé ọ, torí èmi náà ti ta irú ọjà yẹn rí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ọkọ mi pé ara rẹ̀ ti ń yá. Mo ní apá rẹ̀ ti ń sanra. Nígbà tó máa fi mọ̀ pé irọ́ ni, kò lóhùn tó lè fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn ń wò mí. Ohun kan wà tó fẹ́ sọ. Mi ò mọ̀ ọ́n dòní, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láé."

"Màámi, ẹ ṣàánú mi. Mi ò mọ̀ pé àìsàn ni. Mo rò pé yóò fi mí sílẹ̀ ni."

"Mo gbọ́. O ti wá mọ̀ báyìí. Wàá máa gbé e. Wàá máa bọ́ ọ. Òórùn oògùn ni yóò máa jí ọ láàárọ̀. Tí o bá fẹ́ lọ, máa lọ lónìí, kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Èmi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹ irú ìyà tí mo jẹ."

"Ká ní ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀," Dijú bi í, "ṣé ẹ̀ bá ṣì fẹ́ wọn?"

Ìyá fọwọ́ pa ẹ̀yìn àga náà. "Ǹ bá ṣì fẹ́ ẹ," ó wí. "Mi ò kàn ní parọ́ fún un ni."

Dókítà ní oògùn náà á ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ohun tó ti lọ ti lọ. Ọwọ́ ọ̀tún kò ní padà mọ́, apá òsì ṣì lágbára, wọ́n á sì máa gbìyànjú kó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí yóò ti pẹ́ tó, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ká ní ó tètè wá ni, ìyẹn ló ń sọ lásọtúnsọ, bí àwọn dókítà ṣe máa ń sọ ọ́, láìmọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ náà ń pa. Lójoojúmọ́ ni Dijú ń wá. Lójoojúmọ́ ni Télọ̀ ń ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé òun ń sùn.

Ó ti lé ní oṣù kan tí Télọ̀ ti kúrò nílé ìwòsàn kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti rù. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó lọ síwájú pẹpẹ ẹ̀yìn, ó dijú, ó na ọwọ́ òsì.

"Mo fẹ́ ra pọ́tà," ó wí. "Ti ọwọ́ òsì."

Kò sí pọ́tà ọwọ́ òsì láyé yìí. Ọwọ́ yòówù ló lè ju àwo. Dijú mọ̀, òun náà mọ̀. Dijú gbé àkọ́kọ́ fún un.

"Èyí fúyẹ́," ó wí. "Ó fúyẹ́ gan-an. Òun ló yẹ ọ́ báyìí, tí atẹ́gùn ò bá sí. Tí atẹ́gùn bá wà, á gbé e lọ."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ó wúwo jù fún ọ. O ò lè jù ú dé ibẹ̀."

"Tí mo bá gbìyànjú dáadáa?"

Gbogbo ara Dijú fẹ́ sọ pé ó ṣeé ṣe. "Rárá," ó wí. "O ò ní lè jù ú dé ibẹ̀, Télọ̀ mi."

Omi jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú tó dì náà, ó ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Kò nù ún. "Mo ṣì ń bínú sí ọ," ó wí. "Mo máa bínú pẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa tán."

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ mo ń ṣàárò rẹ débi pé mi ò lè jẹun. Kí ni mo máa ṣe sí ìyẹn?" Ó la ojú. "Tí mo bá fẹ́ ọ, ohun kan ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí ọwọ́ mi ò bá lè ṣe mọ́, ìwọ ni wàá sọ fún mi. Tí ẹsẹ̀ bá kàn, wàá sọ. Tó bá di ti èémí, wàá sọ fún mi kí n lè rí ààyè sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Ṣé o lè ṣe é?"

Dijú rò ó dáadáa, ó rò ó títí dé àga ilé ìyá Télọ̀. "Á le fún mi," ó wí. "Màá ṣe é."

Èyí tó fúyẹ́ ló mú.

Kóòtù kò gbà wọ́n lákòókò. Wọ́n fọwọ́ síwèé, ti Télọ̀ wọ́ lọ bí ìlà ọmọdé. Ìyá nìkan ló tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀wù tí Télọ̀ wọ̀ dáa títí dé orókún. Ọwọ́ òsì ló fi rán etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú òwú náà sì ń ṣe ségesège yí i ká. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun tún un rán.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ó ní kí wọ́n yà sí pápá. Ìyá jókòó sábẹ́ igi. Télọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ẹfun náà nínú ẹ̀wù ìgbéyàwó rẹ̀, ó dijú, ó ju àwo pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Ẹ̀wọ̀n kò dún.

"Ó kù díẹ̀ kó kàn án?" ó bi í, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Dijú wo àwo náà nínú koríko. Irọ́ dídùn ló kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti tò: ó kan ẹsẹ̀ apẹ̀rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù. Ó gbé e mì.

"Rárá," ó wí. "Kò dé ìdajì ọ̀nà."

Télọ̀ mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì wá apá Dijú, ó dì í mú.

"O ṣeun, ọkọ mi," ó wí. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Lọ bá mi gbé e wá."

Dijú sì lọ gbé e wá fún un.